PE láti SS1 dé SS3: Ohun Tí Àwọn Òbí àti Ọmọ Ilé-Ìwé Ń Bi Mí ní Ilé-Ifẹ̀

Bí ọmọ bá ti jáde JSS3, tí ó tó àkókò láti yan iṣẹ́ tí yóò ṣe ní SS, PE (Physical Education, ẹ̀kọ́ eré ìdárayá) ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń fojú fò dá. Àwọn tí kò fojú fò ó náà sì rò pé eré lásán ni. Iṣẹ́ yìí ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, "Kóòṣì" ni wọ́n sì ń pè mí. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí, àwọn òbí àti ọmọ ló ń bi mí wọn, láti Mọ́dákẹ́kẹ́ títí dé Iléṣà. Bí wọ́n ṣe bi mí ni mo ṣe kọ ọ́.

Kóòṣì, ṣé kì í ṣe PHE (Physical and Health Education) tí wọ́n ṣe ní JSS náà nìyí?

Ọmọ ìyá ni wọ́n, ṣùgbọ́n ti SS jinlẹ̀ ju ti JSS lọ. Gbogbo ọmọ JSS ló ń ṣe PHE. Ní SS, ẹni tó bá yan PE ló ń ṣe é. Ní JSS, bí ọmọ bá ti lè dárúkọ eegun mélòó kan, tí ó mọ ìdí tí a fi ń fọwọ́, tí ó sì mọ̀ pé ènìyàn mẹ́fà ló ń gbá fọ́líbọ́ọ̀lù lápá kan, ó ti ń lọ dáadáa. Ní SS, wọ́n á ní kó ṣàlàyé bí iṣan iwájú itan ṣe ń sún kì tí ti ẹ̀yìn sì ń tú nígbà tí a bá gbá bọ́ọ̀lù, àti ìdí tí ẹni tó bá fẹ́ dúró ṣinṣin fi gbọ́dọ̀ ya ẹsẹ̀ kó sì tẹ orúnkún. Ọmọ tó bá wá síbẹ̀ tìtorí pé ó fẹ́ sinmi lẹ́yìn Máàtì, ojú rẹ̀ á tètè là.

Kí ni wọ́n ń kọ́ gan-an?

Ara ènìyàn ló ṣáájú. Egungun 206 tó wà lára àgbàlagbà, oríkèé àti irú ìyípo tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣe, oríṣi iṣan mẹ́ta, ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró, àti bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gbé atẹ́gùn kiri nígbà tí a bá ń sáré. Ọmọ tó ń ṣe Bàọ́lọ́jì á bá ìdajì rẹ̀ lọ́nà.

Lẹ́yìn èyí ni bí ara ṣe ń rìn: òfin Newton, agbára, ibi tí ìwúwo ara kó jọ sí. Ìmúra fún eré wà níbẹ̀, oúnjẹ wà níbẹ̀, òògùn olóró tí àwọn eléré ń lò wà níbẹ̀, ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́ náà wà níbẹ̀. Wọ́n tún ń kọ́ bí a ṣe ń ṣètò ìdíje: ta ni yóò pàdé ta, ta ni yóò di aago mú, ta ni yóò kọ èsì sílẹ̀.

Ìtàn eré ìdárayá ni àwọn ọmọ kò fẹ́ràn, torí ọdún ni wọ́n ń há sórí. Èmi kì í jẹ́ kí wọ́n há a. Olympic àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Gíríìsì ní 776 ṣáájú ìbí Kristi, èyí tí a ń ṣe lónìí sì bẹ̀rẹ̀ ní Athens ní 1896. Ó dára kí ọmọ mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ fún wọn pé Josiah Majekodunmi gba fàdákà nínú ìfò-sókè ní ìdíje British Empire Games ní Auckland ní 1950, ọdún mẹ́wàá kí Nàìjíríà tó gbòmìnira, wọ́n á dákẹ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1952, ni Nàìjíríà kọ́kọ́ lọ sí Olympic, ní Helsinki. Ní Tokyo ní 1964, Nojim Maiyegun gba idẹ nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, òun ló sì gba àmì ẹ̀yẹ Olympic àkọ́kọ́ wá sílé fún wa. A kò rí wúrà àkọ́kọ́ àfi ní Atlanta ní 1996, nígbà tí Chioma Ajunwa fò jìnnà dé mítà 7.12. Nígbà tí wọ́n bá gbọ́ ọ báyìí, ọdún náà á dúró lórí wọn fúnra rẹ̀.

Ọmọ mi kì í sáré rárá o. Ṣé kò ní fìdí rẹmi?

Kò ní fìdí rẹmi tìtorí ẹsẹ̀. Ìwé tó bá kọ̀ láti kà ló lè gbé e ṣubú. Àwọn tó yára jù lọ ní pápá kọ́ ló máa ń gba A1 lọ́wọ́ mi. Àwọn tó ń gbọ́ àlàyé ni. Mo máa ń sọ èyí ní ìpàdé òbí, kò sí ẹni tó ń gbà á gbọ́.

Báwo ni ìdánwò WAEC rẹ̀ ṣe rí?

Abala mẹ́ta ni. Èkíní ni ìbéèrè tí a ń yan ìdáhùn rẹ̀, èkejì ni èyí tí a ń kọ àlàyé, ẹ̀kẹta ni ìṣe, èyí tí gbogbo wọn ń pè ní "práátíkà". Àwọn ọmọ máa ń fi gbogbo ọkàn sí práátíkà torí pé ó dùn, wọ́n á wá gbàgbé pé bébà ló kó èyí tó pọ̀ nínú máàkì.

Ní práátíkà, ohun tó yẹ kí ọmọ fi hàn ni pé ó mọ ọ̀nà tí a ń gbà ṣe nǹkan náà. Ẹ mú ṣọ́tì-pùútù. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin lágbára, wọ́n á ju irin náà bí ẹni ń ju òkúta lu máńgòrò. Kò sí irú ìyẹn nínú òfin. Ọrùn, lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ni irin náà máa wà, ọwọ́ kan ni a ó fi tì í jáde láti èjìká, apá kò sì gbọdọ̀ lọ sẹ́yìn èjìká. Ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ orí pákó iwájú. Lẹ́yìn tí irin bá ti balẹ̀ ni a ó tó jáde, láti ìdajì ẹ̀yìn òbìrípo tí a dúró sí. Ọmọbìnrin tí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, tó ṣe gbogbo èyí létòlétò, á yọ ju alágbára tó gba iwájú jáde lọ.

Bákan náà ni ìfò-jìnnà. Ẹni tó bá fò títí, tí ó wá jókòó sẹ́yìn tó fi ọwọ́ kan yanrìn, ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kàn ni wọ́n á wọ̀n, torí ojú àpá tó súnmọ́ pákó tí ó ti fò jù ni ìwọ̀n ń bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí i tí ọmọ pàdánù ohun tó tó ìdajì mítà sórí ìdí rẹ̀.

Kí ọmọ béèrè lọ́wọ́ tíṣà rẹ̀ láti SS2 irú eré tí wọ́n máa ṣe. Ọ̀sẹ̀ méjì kí ìdánwò tó dé kọ́ ni a ń kọ́ bí a ṣe ń sín bọ́ọ̀lù (sáàfù).

Ṣé ó nílò Máàtì?

Díẹ̀, èmi sì fẹ́ràn díẹ̀ yẹn gan-an.

Ẹ wo pápá oní-mítà 400. Bí gbogbo sárésáré bá dúró sórí ìlà kan ṣoṣo, ẹni tó wà ní ojú ọ̀nà ìta á sá jìnnà ju ti inú lọ, torí ìyípo tirẹ̀ gbòòrò. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sún àwọn ti ìta síwájú. Ìbú ojú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 1.22. A ń wọn ojú ọ̀nà kìíní ní sẹ̀ǹtímítà 30 sí etí rẹ̀ ti inú, ti àwọn yòókù ní sẹ̀ǹtímítà 20, nítorí náà mítà 1.12 ló wà láàárín ìwọ̀n ìkíní àti ìkejì. Ẹ sọ 1.12 di ìlọ́po 2, kí ẹ tún sọ ọ́ di ìlọ́po 3.1416, mítà 7.04 ni ẹ ó rí. Ibẹ̀ ni ẹni kejì máa dúró sí níwájú ẹni kìíní nínú eré mítà 400. Láti ìkejì sí ìkẹta lọ, 1.22 la ó lò, ó sì jẹ́ mítà 7.67 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó ti fi okùn àti ẹfun fa ìlà yìí fúnra rẹ̀ fún íńtáháòsì kò tún ní bẹ̀rù ìyípo nínú Máàtì mọ́.

Ètò ìdíje náà wà níbẹ̀. Bí ilé mẹ́fà bá fẹ́ bá ara wọn gbá tán, eré 15 ni. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tó bá pàdánù á máa lọ sílé, eré 5 péré ni, ilé méjì á sì kọjá láìgbá nínú ìpele àkọ́kọ́.

Ìwé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì wà nílé. Ṣé kò lè lò ó?

Fún egungun àti iṣan, ó lè lò ó. Egungun kò yí padà. Fún òfin eré, ẹ ṣọ́ra o. Àwọn ìwé àlòkù tí wọ́n ń tà lọ́jà pọ̀ tí wọ́n ṣì ń sọ pé géèmù kan nínú tẹ́nísì orí tábìlì jẹ́ póìǹtì 21. Ó ti di 11 láti 2001. Fọ́líbọ́ọ̀lù tí wọ́n ń kà dé 15 ti di 25, 15 sì kù sí abala karùn-ún nìkan. Ẹgbẹ́ tó bá jàre bọ́ọ̀lù ló ń gba póìǹtì, ì báà jẹ́ òun ló sín in tàbí òun kọ́. Badminton di 21 ní 2006. Nínú rílèè mítà 100 lọ́nà mẹ́rin, ibi tí a ti ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wa jẹ́ mítà 20 nígbà kan, tí mítà 10 tí a fi ń gbéra sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Báyìí wọ́n ti pa méjèèjì pọ̀ di mítà 30. Ọmọ tó bá kọ 20 sínú ìwé ìdánwò kò purọ́, ọdún rẹ̀ ló ti kọjá.

Ọmọ mi fẹ́ di dókítà. Ṣé PE á ràn án lọ́wọ́?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. PE kò lè rọ́pò Físíìsì, Kẹ́místìrì tàbí Bàọ́lọ́jì fún ẹni tó ń lọ ka ìṣègùn. Ó lè wà pẹ̀lú wọn gẹ́gẹ́ bí èyí tó ṣẹ́kù nínú iṣẹ́ mẹ́sàn-án, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fisiotẹ́rápì (ìtọ́jú iṣan àti oríkèé) tí gbogbo ọmọ PE máa ń dárúkọ, bákan náà ni. Ní OAU níbí, abẹ́ Medical Rehabilitation ló wà, àwọn sáyẹ́ǹsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn ni wọ́n sì ń béèrè pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì ní JAMB. Ó máa ń dùn mí bí ọmọ bá dé SS3 kó tó gbọ́ èyí. Ẹni tí kò bá mú Físíìsì ní SS1, ọ̀nà ibẹ̀ ti dí mọ́ ọn.

Ibo wá ni PE fúnra rẹ̀ ń gbé ènìyàn lọ?

JAMB náà ti fi Physical and Health Education sínú iṣẹ́ tí a lè yàn. Ní OAU, ẹ̀ka tó ń bójú tó o ni Kinesiology, Health Education and Recreation, ní Faculty of Education. Iléṣà náà ní Yunifásítì báyìí, èyí tó jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tẹ́lẹ̀. Kí ọmọ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, kó lọ wo IBASS tí JAMB gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni àpapọ̀ iṣẹ́ tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan ń béèrè wà. Kó má ṣe fi ti ọ̀rẹ́ ṣe.

Ní ti iṣẹ́: tíṣà, kóòṣì, rẹfirí, oníròyìn eré, òṣìṣẹ́ àjọ eré ìdárayá ìpínlẹ̀, olùdarí ibi ìdárayá. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ kóòṣì gidi lè lọ sí National Institute for Sports ní Èkó. Rẹfirí ni èmi máa ń tọ́ka sí fún àwọn ọmọ tó mọ òfin ju bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n gbá lọ. Wọ́n kì í fẹ́ràn rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, torí èébú tí wọ́n ń bú rẹfirí.

Bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ máa gbá, Kóòṣì. Kí ni mo fẹ́ fi WAEC ṣe?

Ìwọ máa gbá a, ṣùgbọ́n gbọ́ mi. Ẹnì kan máa wá bá bàbá rẹ, á ní òun jẹ́ ejẹ́ǹtì, pé ẹgbẹ́ kan ní Yúróòpù rí fídíò rẹ, pé kí bàbá rẹ kó owó físà àti ti àyẹ̀wò wá. Nígbà náà ni kí o rántí pé òfin FIFA kò fàyè gba kí agbábọ́ọ̀lù tí kò tíì pé ọdún 18 kúrò ní orílẹ̀-èdè kan lọ sí ẹgbẹ́ ní òmíràn, àfi nínú àwọn nǹkan díẹ̀ tí òfin náà dárúkọ. Ẹni tó bá jẹ́ ejẹ́ǹtì lóòótọ́ ní ìwé-àṣẹ FIFA, orúkọ rẹ̀ sì ṣeé wò lórí ìkànnì wọn. Ìdílé ti wà tó ta ilẹ̀ nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí. Bí orúkọ kò bá sí níbẹ̀, kí bàbá rẹ má ṣe yọ kọ́bọ̀.

Ní ti WAEC: orúnkún lè bàjẹ́ ní ọmọ ọdún 19.

Ilé-ìwé wa kò ní pápá, kò ní nǹkan ìṣeré.

Ọ̀pọ̀ wa náà kò ní. Ọ̀pá rílèè kò ju sẹ̀ǹtímítà 28 sí 30 lọ. Ẹ gé páìpù omi tàbí ọparun, kí ẹ fi yanrìn ha á kó má gún ọwọ́. Òkúta róbótó tó wọ̀n kílò mẹ́rin lórí òṣùwọ̀n elẹ́ran tó fún ìdánrawò ṣọ́tì ọmọbìnrin, torí kílò mẹ́rin náà ni àwọn àgbà obìnrin ń lò. Okùn tí a so mọ́ igi méjì di nẹ́ẹ̀tì fọ́líbọ́ọ̀lù, bí ẹ bá ti wọ̀n ọ́n: mítà 2.24 fún obìnrin, 2.43 fún ọkùnrin.

Méjì ni mi ò gbà kí ẹ fi ọgbọ́n orí ṣe. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fi ẹ̀yìn fo ìfò-sókè balẹ̀ sórí yanrìn. Bí kò bá sí fóòmù, ẹsẹ̀ ni kí ọmọ fi balẹ̀. Ẹ má sì ju jáfẹ́líìnì nígbà tí ẹnikẹ́ni bá wà níwájú, ì báà ṣe ẹni tó ń lọ mú ti àkọ́kọ́ wá.

Ọmọ mi ní asíímà. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ fọ̀níkú-fọ̀ladìde.

Màmá, kò sí èyí tí mo máa lé padà nínú àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n mo fẹ́ ìwé dókítà kí n tó mú wọn dé pápá.

Èyí tó ní asíímà á mú ìfínsímú (inhaler) rẹ̀ dání. Kó má fi sínú báàgì ní kíláàsì o, etí pápá ni. Kó fara balẹ̀ mú ara gbóná kó tó bẹ̀rẹ̀, kó sì jẹ́ kí tíṣà mọ̀ nígbà ọyẹ́, torí eruku ìgbà náà kò dára fún un.

Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba sùúrù ju ìyẹn lọ. Omi ni kó máa mu léraléra, kó máa sinmi kó tó rẹ̀ ẹ́, kí òjò má pa á, kí ẹnikẹ́ni má fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti dúró. Eré mítà 1500 lábẹ́ oòrùn kì í ṣe tirẹ̀. Ó lè di aago mú, ó lè kọ èsì, ó lè gbá tẹ́nísì orí tábìlì níwọ̀nba bí dókítà bá ti fọwọ́ sí i. Èyí tó bá ṣe dáadáa jù nínú ètò ìdíje ní kíláàsì mi máa ń jẹ́ irú wọn, torí wọ́n ti kọ́ láti máa wo gbogbo pápá.

Ọmọ tó jẹ́ AS lè ṣe gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n òǹgbẹ àti eré líle nínú ooru kò yẹ kó pàdé lára rẹ̀.

Ọmọbìnrin ni tèmi. Ṣé kò ní ní iṣan bí ọkùnrin? Ó sì ń lo hìjáàbù.

Iṣan kì í hù bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń fún ọkùnrin ní iṣan ńlá kò pọ̀ lára obìnrin. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sá mítà 100 tó ní igi-ìdènà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ní 2022, kò sì tíì sí obìnrin tó sá a yára tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà náà. Ẹ lọ wo àwòrán rẹ̀ kí ẹ wá sọ fún mi bóyá ó jọ ọkùnrin.

FIFA ti gba hìjáàbù láyè láti 2014, àjọ básíkẹ́tìbọ́ọ̀lù àgbáyé láti 2017. Kó jẹ́ èyí tó fún mọ́ orí, tí kò ní pín-ín-nì. Nǹkan oṣù kò ní kó má ṣeré. Bí inú bá ń run ún, kó sọ fún tíṣà obìnrin, kó jókòó.

Nígbà ààwẹ̀ ńkọ́?

Ìwé la máa ń kà jù nígbà náà. Bí práátíkà bá bọ́ sínú rẹ̀, kí ọmọ jí jẹ sààrì dáadáa, kó sì ní kí wọ́n pe òun láàárọ̀ kùtùkùtù.

Ọmọ mi kò lè fi ẹsẹ̀ kan rìn dáadáa. Ṣé àyè wà fún un?

Wà. Folashade Oluwafemiayo gbé kílò 167 ní Paris ní 2024 nínú ìdíje Paralympic, ó gba wúrà, kò sì tíì sí obìnrin tó gbé e tó bẹ́ẹ̀ rí ní ìpele ìwúwo tirẹ̀ nígbà náà. Orí àga ìdùbúlẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé e. Ní ti WAEC, kí ilé-ìwé tètè kọ ipò ọmọ náà ránṣẹ́ nígbà ìforúkọsílẹ̀, kí wọ́n má dúró di ọjọ́ práátíkà.

Ayò ńkọ́? Bàbá mi ní ìyẹn náà jẹ́ eré.

Bàbá rẹ jàre. Ihò 12, ọmọ ayò 48, ó sì wà lára eré ìbílẹ̀ tí wọ́n ń díje nínú National Sports Festival. Kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ẹsẹ̀ ọmọ bá rọ́ ní pápá, ṣé ká gbé e lọ fi omi gbígbóná jó o?

Rárá! Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo ìyá ní Ifẹ̀ àti Iléṣà gbọ́ ìdáhùn rẹ̀. Bí ọrùn ẹsẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́, ẹ̀jẹ̀ ń jò sábẹ́ awọ, ìdí nìyẹn tó fi ń wú. Omi gbígbóná, róòbù àti fífà á á jẹ́ kó jò sí i. Ẹ jẹ́ kó jókòó. Ẹ fi yìnyín sínú aṣọ, kí ẹ gbé e lé e fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ mú un kúrò, lẹ́yìn wákàtí méjì kí ẹ tún gbé e lé e. Píọ́wọ́tà dídì ṣeé lò. Ẹ fi báńdéèjì dì í, kó má le jù débi tí ọmọ ìka á máa tutù tàbí kú. Ẹ gbé ẹsẹ̀ náà sórí ìrọ̀rí kó ga ju àyà lọ. Ó kéré tán, kí ọjọ́ méjì kọ́kọ́ kọjá kí ẹ tó dárúkọ omi gbígbóná.

Bí kò bá lè gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin, tàbí tí ẹ tẹ eegun gan-an tó ń dùn ún, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ teegun-teegun kí wọ́n tó ya fọ́tò eegun náà. Ilé-ìwòsàn Wesley Guild wà ní Iléṣà, ilé-ìwòsàn OAUTHC wà ní Ifẹ̀. Tí wọ́n bá ti yà á, tí eegun kò sì ṣẹ́, fisiotẹ́rápì á sọ ọjọ́ tó lè padà sí pápá. Kí ó mú ìwé náà wá fún mi kó tó wọ bàtà.